Paul Morphy Kò Dé Sábó

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí Tunde Onakoya ti fi wákàtí 60 ta chess ní New York, ẹnu àwọn kan ò ṣe é sún mọ́ mọ́. Ọ̀kan wà ní Sábó, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí. Òun kì í bá ará àdúgbò ta á, ó ní wọn yóò ba ọwọ́ òun jẹ́. Eré àwọn ọ̀gá àgbà nìkan ló ń kà.

Kò burú. Ayò ọlọ́pọ́n ta ò kọ sílẹ̀ pàápàá, wíwò la fi ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá gbọ́n á fi páálí bo ojú ìwé, á kọ́kọ́ ro ohun tóun ì bá ta, kó tó ṣí i wò. Tiwa ò rò ó. Ó há a sórí ni.

Èyí tó há jù ni ti Paul Morphy ní Paris, ọdún 1858. Ìjòyè méjì ló para pọ̀ kojú rẹ̀ nínú ilé opera. Ní ìgbésẹ̀ 16, Morphy yọ̀ǹda ayaba rẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ 17, ọba wọn kú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, bọ̀ọ̀dá wa gbà láti bá ọmọ onísúyà ta. Ó rọra ti ayaba síwájú, ó káwọ́ gbera, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ náà nu òróró ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó fi ẹṣin jẹ ẹ́, bí àwọn ìjòyè yẹn ti ṣe gẹ́lẹ́. Bọ̀ọ̀dá wá nawọ́ sí ilé-ìṣọ́ tó yẹ kó fi pa ọba. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tipẹ́.

"Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé!"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú. Ṣé kí n fi ata sí i?"