Lẹ́tà Gbangba sí Àǹtí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti Manchester

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú orí ire, torí àwọn tó ti fẹ́ pa yín láti ọdún 1992 pọ̀, kò sì sí èyí tó rí yín pa nínú wọn. A ṣì ń ka ìwé yín nínú bọ́ọ̀sì 192 láti Piccadilly títí dé Longsight, a sì ń wò yín lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín wí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí ló ti jókòó sílé wọn rí, tí wọ́n ń pariwo pé kí ẹ má wọ yàrá yẹn, tí ẹ sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn.

Ẹyọ orúkọ kan kò tó fún yín. Nígbà tí Val McDermid kọ́kọ́ mú yín jáde nínú Dead Beat lọ́dún 1992, Kate Brannigan lẹ̀ ń jẹ́, obìnrin kúkúrú tó pa ẹ̀kọ́ òfin tì lágbede méjì, tó lọ ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni. Ní 1994, Cath Staincliffe sọ yín di Sal Kilkenny, ìyá anìkàntọ́mọ. Ní 1996 ẹ wọ aṣọ ọlọ́pàá, Jane Tennison sì kó iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Manchester nínú eré tẹlifíṣọ̀n Prime Suspect. Nígbà tó di 2003, ẹ ti di Janine Lewis nínú Blue Murder, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́rin. Láti 2011 ẹ wá pín ara yín sí méjì, Rachel Bailey àti Janet Scott, nínú Scott & Bailey. Ẹnì kan náà ni gbogbo yín lójú tèmi, ẹ̀sùn kan náà ni mo sì ní sí gbogbo yín.

Ṣé ẹ ti jẹun? Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì jẹun. Kọfí ni, àti sáńwíìsì tí ẹ gé jẹ lẹ́ẹ̀kan tí fóònù fi dún, àti ọtí tí ẹ dá nìkan mu nínú ilé tí kò sí ẹni tó máa kí yín káàbọ̀. Nígbà tí Tennison fi máa kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 2006, ọtí ti di ẹjọ́ tó le ju ẹjọ́ ìpànìyàn tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Rusholme kúkú wà níbẹ̀, tí òórùn ẹran sísun ń gba gbogbo títì kan. Ẹnikẹ́ni kì í wá iṣu tì ní Moss Side. Àwọn òǹkọ̀wé yín á ní ebi ló ń mú kí ọpọlọ yín jí pépé. Irọ́ ni! Màmá Ramotswe, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ Botswana, tí Alexander McCall Smith bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ ní 1998, jókòó ti tíì rẹ̀, ó sanra dáadáa, ó sì ń já ọ̀bàyéjẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìrọ̀rùn.

Ìrìn òru yín ńkọ́? Ilé ìkẹ́rùsí kan ti ṣófo lẹ́bàá omi, agogo méjìlá òru ti lù, ẹ mọ̀ pé ọ̀daràn wà nínú rẹ̀, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin náà nìyẹn tí ẹ ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ta ló rán yín? Mo mọ̀ pé Kate kọ́ ìjà àwọn ará Thailand, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ga dé àgbọ̀n ọkùnrin. Àwọn tó ń polówó ìwé fẹ́ràn ìyẹn gan-an, wọ́n á ní ohun tó sọ yín di akọni nìyẹn. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ jókòó. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè lọ kọ́ ìjà.

Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹ̀ lé yín kéré sí ìyẹn. Nínú Kick Back, ìwé ọdún 1993, yàrá onígíláàsì ni wọ́n ń jí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ò ṣì mí gbọ́: yàrá onígíláàsì tí òyìnbó máa ń kọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilé kí wọ́n lè jókòó síbẹ̀ máa retí oòrùn. Àwọn kan ń tú u kúrò lára ilé onílé, wọ́n ń gbé e lọ! Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ńláńlá tí mo mọ̀ á ní kí onílé lọ bá káfíńtà. Nínú Blue Genes ti 1996 ẹ̀wẹ̀, àwọn gbájúẹ̀ kan ń lo àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní àìpẹ́, wọ́n ń gba owó òkúta ibojì lọ́wọ́ wọn. Ẹ lépa wọn bí ẹni tó fọ́ báńkì. Owó tí ọlọ́pàá máa kọ sínú ìwé tí wọn ò sì ní ṣí ìwé náà mọ́, ẹ̀yin ka ìyẹn sí owó. Àǹtí mi, ibẹ̀ ni mo ti dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹni tí ayé fojú kéré ló fojú ńlá wo àdánù ẹni kékeré. Ẹ má jẹ́ kó gùn yín o, ẹ̀sùn ṣì kù.

Ọ̀rọ̀ ọmọ. Ọ́fíìsì Sal Kilkenny wà ní yàrá abẹ́ ilé onílé, ó sì ń bá bàbá anìkàntọ́mọ kan pín ilé gbé. Ó ń wá ọmọ ọlọ́mọ tó sọnù, agogo mẹ́ta sì ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ta ni yóò lọ mú ọmọ tirẹ̀ nílé ìwé? Kate tí kò bímọ pàápàá kò bọ́ níbẹ̀: nínú Crack Down, ọlọ́pàá gbé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, ọmọ ọkùnrin náà sì ṣubú lé e lọ́wọ́ láàárín wàhálà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Sherlock Holmes ní Ìyáàfin Hudson tó ń gbé tíì gòkè fún un. Lápàdé tiwa, nínú Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ jáde ní 1969, ṣé ẹ rí i kó dá eré dúró kó lọ ra mílíìkì ọmọ? Àwọn ọkùnrin yìí ní gbogbo ọjọ́ fún olè. Wákàtí díẹ̀ ni tiyín, láàárín ìgbà tí ọmọ wọ kíláàsì àti ìgbà tó jáde, inú rẹ̀ náà lẹ sì ti ń yanjú ọ̀ràn. Síbẹ̀ ẹ máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé, bí ẹni pé ẹ pẹ́ dé ibi ìkómọ. Tọrọ àforíjì fún kí ni? Ó ń bí mi nínú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí rèé. Àǹtí, ẹ ti di ọ̀gá, ẹ ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Tennison di ọ̀gá nígbà tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń kọ ẹ̀yìn sí i nínú yàrá ìpàdé. Ara Jackie Malton, ọlọ́pàá London tó la irú rẹ̀ kọjá, ni Lynda La Plante, tó kọ Prime Suspect, ti wo ìtàn náà. A gbà. Ẹni ẹ̀yìn ni, bó tilẹ̀ jókòó síwájú. Ẹ wá wo Scott & Bailey. Sally Wainwright ló kọ ọ́, Diane Taylor tó ti ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní Manchester gan-an ló fi ìmọ̀ tì í lẹ́yìn. Obìnrin ni ọ̀gá, obìnrin ni àwọn akíkanjú abẹ́ rẹ̀. Gill Murray, ọ̀gá náà, bá sọ̀rọ̀, ọkùnrin ń sáré. Inú wa dùn, a pàtẹ́wọ́. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló dé tí ẹ ṣì ń sunkún mẹ̀kúnnù? Ẹ ń bẹ nínú ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlégbóná, ẹnìkan sì ń gbálẹ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ ò kí i. Mo wò ó dáadáa, ẹ rìn kọjá lára rẹ̀.

Lọ́dún 1992 kan náà tí Kate jáde ní Manchester, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Barbara Neely, tẹ Blanche on the Lam jáde. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni Blanche White, ó ń se oúnjẹ, ó ń nu ilé àwọn olówó. Wọ́n ń sọ gbogbo àṣírí wọn lójú rẹ̀ torí wọn ò ka ọmọ ọ̀dọ̀ sí ènìyàn tó létí. Blanche kò nílò ẹ̀rọ agbọ́rọ̀ kankan. Àwo ló ń kó, tó sì ń gbọ́. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn akọni obìnrin láti ìgbà náà nìyẹn: kí ló rí tí ọ̀gá rẹ̀ kò lè rí, kí ló sì máa pàdánù tó bá sọ ọ́ jáde?

Ta ni Blanche ti Manchester lónìí? Ẹ jí ní kùtùkùtù lọ́jọ́ kan kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Ẹ ó rí i níbẹ̀, báàgì lórí itan, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìbàdàn ló ti kàwé gboyè, ó ti jókòó ní báńkì rí. Níbí, iṣẹ́ òru ló ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, 'love' sì ni gbogbo wọn ń pè é torí wọn ò ráyè kọ́ orúkọ rẹ̀. Ìjọba ṣí fíísà fún irú iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022. Ní oṣù kẹta 2024 wọ́n ní àwọn tó bá ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ àti ọmọ dání mọ́. Ní oṣù keje 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa mọ́ àwọn tó kù lókè òkun.

Ká sọ pé òrùka wúrà ìyá àgbà kan nínú ilé náà, ẹni ọdún 88, dàwátì. Ọmọ ìyá náà ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ó yọ́ bọ́ sínú balùwẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀gá ilé náà gbà bẹ́ẹ̀. Arábìnrin wa nìkan ló mọ̀ pé ìka ìyá yẹn máa ń wú láti òru títí oòrùn á fi là, pé òrùka náà kò lè kúrò láàárọ̀ àfi kí ènìyàn fi ọṣẹ fà á. Òun nìkan ló sì ṣàkíyèsí pé ọṣẹ inú àwo tutù, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó wẹ̀. Ta ló wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́? Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ ìró bàtà ọmọ yẹn, tí kì í yọjú àfi nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì bá wọlé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìgboyà. Tó bá sọ ọ́, òun gan-an lọlọ́pàá máa kọ́kọ́ yẹ báàgì rẹ̀ wò. Tí ẹni tó gbà á síṣẹ́ bá lé e, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ń lọ nìyẹn, ọgọ́ta ọjọ́ ló sì sábà máa ń ní láti rí ẹlòmíràn tó máa gbà á tàbí kó di ẹrù. Kate Brannigan bá ṣi ẹjọ́ mú, oníbàárà kan ló pàdánù. Rachel bá gbójú sókè sí ọ̀gá, wọ́n bá a wí, ó lọ mutí. Ẹ bá mi gbé e sórí òṣùwọ̀n, Àǹtí. Ṣé ẹ ó lè sọ ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin?

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀ fún mi: ẹ̀yin Yorùbá ńkọ́, ta lẹ kọ? Ẹ gba ibẹ̀ lu mí, ó tọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lápàdé, ọkùnrin ni. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú àwọn ìwé Kọ́lá Akínlàdé, ọkùnrin ni. Ó pẹ́ ká tó ní Amaka, agbẹjọ́rò tó ń gbèjà àwọn obìnrin ojú pópó nínú Easy Motion Tourist tí Leye Adenle kọ ní 2016. Korede náà dé ní 2018 nínú ìwé Oyinkan Braithwaite, nọ́ọ̀sì ìlú Èkó tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ ta sílẹ̀ ló kúkú ń fọ̀, nítorí náà n kò lè fi í ṣe ẹ̀rí ìwà rere. Ojú rẹ̀ ṣáà mọ́ ju ti gbogbo dókítà ilé ìwòsàn rẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ àwọn méjèèjì. Ní Yorùbá, mo ṣì ń na ọrùn.

Ó dáa, mo ní iṣẹ́ kan fún yín. Nínú ìwé tó ń bọ̀, ẹ gba arábìnrin yìí síṣẹ́, kó máa bá yín pín ọ́fíìsì. Kí orúkọ rẹ̀ pé, kí àmì ohùn sì wà lórí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kú ní orí kẹta kí inú lè bí yín. Ẹ má fi sísọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣe àwàdà, torí ó kàwé jù yín lọ. Wákàtí ni kí ẹ fi sanwó fún un, kí ẹ san ti òru lọ́tọ̀, kí ẹ sì wá agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú kí ẹ tó rán an níṣẹ́ kankan. Kò ní bá yín wọ ilé ìkẹ́rùsí kankan lóru. Lọ́jọ́ Sunday, bí apànìyàn tilẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má pè é kí agogo mẹ́ta tó lù. Ìsìn kì í tètè parí, ó sì tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Èmi ni àbúrò yín tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìwé yín.