Ìkarahun Wà fún Títà

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ìgbín tí wọ́n ń wí, ìrìn rẹ̀ kò yá, ṣùgbọ́n ó ń lọ. A kò gbọ́ ọ rí pé ìgbín kan kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe káfíńtà, ó fi ọdún méjì dúró dè é, ó san owó gọbọi, ó wá gbé ìkarahun náà síwájú ilé kí àwọn aládùúgbò lè máa wò ó. Ọmọ aráyé òde òní ló dá irú èyí sílẹ̀. Ìkarahun tirẹ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù méjìlá. Ó ní ibùsùn, ó ní ilé ìdáná, ó ní balùwẹ̀ tí omi gbígbóná ń yọ níbẹ̀, táyà rẹ̀ sì ga dé àyà àgbàlagbà. Ìgbín tó fẹ́ fà nìkan ni kò sí níbẹ̀.

Ní Jámánì, ní Austria, ní Netherlands àti ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti ra ọkọ̀ ẹrù, bíi MAN tàbí Unimog ti Mercedes-Benz, kí wọ́n sì kọ́ yàrá lé e lẹ́yìn bí oníbàárà bá ṣe fẹ́ ẹ. Unicat ń ṣe é ní Jámánì, Action Mobil ń ṣe é ní Austria. Ní ìpínlẹ̀ Colorado, EarthRoamer ń kọ́ tirẹ̀ lé Ford F-550, wọ́n sì tún ní èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n kọ́ lé F-750. Owó ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àgbà ọkọ̀ wọ̀nyí ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Lọ́dọọdún, àwọn olólùfẹ́ wọn máa ń ya lọ sí Bad Kissingen ní Bavaria, níbi àpéjọ tí wọ́n ń pè ní Abenteuer & Allrad. Wọ́n á tò lórí ìlà láti gun àkàbà wọ inú yàrá olóyàrá, wọ́n á tẹ ibùsùn wò, wọ́n á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ojú ẹni tó ti dé Timbuktu.

Ká má parọ́ mọ́ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ náà jọni lójú. Ṣásí ọkọ̀ ẹrù a máa lọ́ bí ó bá dé ibi tí ọ̀nà kò dọ́gba, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa tẹ ilẹ̀. Yàrá tó wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ lọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bó bá lọ́, ògiri á là, fèrèsé á sì fọ́. Nítorí náà, wọ́n á fi férémù mìíràn sáàárín, èyí tó jókòó lórí ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń yí, kí ìsàlẹ̀ lè máa jó kí òkè sì dúró jẹ́ẹ́. Ọpọlọ pípé ló ronú irú rẹ̀. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ro ó. Iwájú gáréèjì, lórí kọnkéré tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ni wọ́n wá gbé e sí.

Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ tà á ni ọ̀rọ̀ ń dùn ún gbọ́. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, ọkọ̀ dúró lórí koríko tútù, oòrùn ń tàn sí i lára. Nínú èkejì, wọ́n tẹ́ ibùsùn bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Lẹ́yìn náà ni oríkì: bátìrì líthíọ́ọ̀mù, sólà tó bo gbogbo òrùlé, asẹ́ omi, kámẹ́rà iwájú àti ẹ̀yìn, irin gbọọrọ méjì tí wọ́n ń fi sábẹ́ táyà bí ọkọ̀ bá rì sínú yanrìn. “A kọ́ ọ láti fi yí ayé ká.” Ẹni tó bá wá ní sùúrù kà á débi tí wọ́n kọ iye kìlómítà sí, á rí i pé ọkọ̀ ayíkáayé yìí kò tíì rin ohun tí takisí Ìbàdàn ń rìn láàárín oṣù mélòó kan. Ìyẹn gan-an ni ọlọ́jà sì fi ń yangàn. Kò tíì rí ẹrẹ̀ rí! Kò sí ibi tó ha! Irin tó wà fún yanrìn kò tíì kan yanrìn!

Ìdí tí wọ́n fi ń tà á? Ètò ti yí padà. Ẹ̀yìn ń dun ọ̀gá. Ọmọ-ọmọ ti dé. Ìyàwó kò fẹ́ràn àkàbà.

Bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá pé, ó di eré. Oníbàárà á dé ti òun ti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ọlọ́jà ti gbé omi kaná sórí ààrò inú ọkọ̀, kọfí ni yóò fi ṣe é lálejò, kó lè rí i pé ààrò náà ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó mọ ohun tó wá rà kì í wo ààrò. Á nà gbalaja sílẹ̀, á rá wọ abẹ́ ọkọ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí férémù ti jókòó lórí ṣásí. Gíríìsì ibẹ̀ ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n fi í síbẹ̀. Ṣọ́bìrì tó so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣì gbé bébà ìyelé lọ́rùn. Á jáde, á gbọn ara rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni, ibo lẹ gbé e dé?”

“A gbé e dé Norway.”

“Ṣé ọ̀nà ọlọ́dà ni?”

“Ọ̀nà ọlọ́dà ni o. Ṣùgbọ́n òjò rọ̀.”

Ibi tí dúnàádúrà ti ń le ni fáìlì. Ọlọ́jà ti kó gbogbo risíìtì jọ: ti ṣásí, ti yàrá, ti sólà, ti awọ tí wọ́n fi ran àga. Ó ti ro ó pọ̀, ó sì ti yọ ìwọ̀nba díẹ̀ kúrò nítorí àánú. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá rà á ní iye yẹn ti jèrè, nítorí kò ní dúró de káfíńtà fọ́dún méjì. Lójú oníbàárà, ọkọ̀ ẹrù tó ti gbọ́jọ́ lórí ni, tí wọ́n gbé ibùsùn ẹlòmíràn lé lórí. Òun náà kò sì jayò pa. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ní ìbú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 2.55 lọ. Bí a bá yọ ti ògiri kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ibùsùn dábùú, gígùn rẹ̀ á mọ níwọ̀n ẹni tó ni ín. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tó jẹ́ pé ìkòkò kọfí ìyá ilé ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ihò kan wà lábẹ́ tábìlì tí ajá wọn ń sùn sí. Ajá ti kú. Ihò ṣì wà nínú iye tí wọ́n ń pè.

Ká tiẹ̀ ní oníbàárà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ṣé ó lè wà á? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gba ìwé ìwakọ̀ lẹ́yìn ọdún 1996 kò lè fi ìwé lásán wa ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tó ju tọ́ọ̀nù 3.5 lọ, àwọn tó gbà á ṣáájú ìgbà náà lè wa èyí tó tó 7.5. Ní Jámánì, ọdún 1999 ni ìlà náà wà. Fún ọkọ̀ tọ́ọ̀nù méjìlá, ìwé ìwakọ̀ àwọn onítírélà ni èèyàn máa ní, ní Jámánì dókítà sì gbọ́dọ̀ yẹ awakọ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le tó láti ti ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀ kò ní ìwé. Àgbàlagbà tó ní ìwé, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Ọjà náà kù díẹ̀ kó jẹ́ ti ọlọ́jà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan, gbogbo wọn ló sì ń tà.

Kó tà á fún ará Amẹ́ríkà ńkọ́? Òfin ibẹ̀ ní ọkọ̀ tí wọn kò ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ààbò wọn kò gbọdọ̀ wọlé àyàfi tó bá ti pé ọdún 25. Kó wà á lọ sí Áfíríkà kó tà á síbẹ̀? Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní carnet de passages, ọdún kan ló ń lò. Ẹni tó gbà á ti fi owó dúró pé ọkọ̀ òun yóò jáde ní gbogbo ilẹ̀ tó bá wọ̀. Bí àwọn aṣọ́bodè kò bá rí òǹtẹ̀ àbájáde, owó orí ọkọ̀ di dandan. Ìkarahun yìí, àfi kó bá olówó rẹ̀ padà sílé.

Ẹ́ńjìnnì tún ní tirẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tuntun ti Yúróòpù, dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ ni wọ́n ń mu, èyí tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n kọ́ ọkọ̀ yìí fún, dísẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá mu ún pẹ́, asẹ́ èéfín á dí, iná pupa á sì máa ṣẹ́jú níwájú awakọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n rìn fi ń wá ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kì í gba ìlẹ̀mọ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń béèrè kí ọkọ̀ tó wọ àárín Berlin. Èyí tó lè wọ aṣálẹ̀ kò lè wọ ìlú. Èyí tó lè wọ ìlú kò lè wọ aṣálẹ̀. Méjèèjì sì wà fún títà.

Àrùn kòrónà ló tún da iná sí i. Nígbà tí wọ́n ti gbogbo ayé mọ́lé, ẹnikẹ́ni tó lówó bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá òpópónà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ oníyàrá, kékeré àti ńlá, kó ohun tó lé ní 600,000 jáde lọ́dún 2021. Wọn kò ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó di 2023, ó ti já sí bíi 313,000. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ọkọ̀ òfuurufú ti ń fò, àwọn alálàá sì ti rántí pé àwọn fẹ́ràn òtẹ́ẹ̀lì.

Àwọn tó rìn ní tòótọ́ ńkọ́? Gunther Holtorf, ará Jámánì, mú Mercedes G-Wagen kan tó ń jẹ́ Otto jáde lọ́dún 1989. Dísẹ́ẹ̀lì ni, agbára rẹ̀ kò tó agbára ẹṣin 90, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ ni òun àti Christine ìyàwó rẹ̀ ń sùn lé. Kò sí balùwẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù. Christine kú lọ́dún 2010. Ọkùnrin náà kò dúró títí di 2014, nígbà tí Otto ti rin bíi 900,000 kìlómítà ní ilẹ̀ tó lé ní 200. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes-Benz ní Stuttgart ló wà báyìí. Ẹnikẹ́ni kò polówó rẹ̀ fún títà rí.

Kí a sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó pé ti òyìnbó nìkan ni, Newton Jibunoh ti fi Volkswagen alájàpá la Sàhárà kọjá láti London wá sí Èkó ní 1966. Ọdún 2024 ni Pelumi Nubi, ọmọ Yorùbá tó ń gbé London, wa Peugeot 107 láti London wá sí Èkó bákan náà. Ẹ mọ Peugeot 107? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà kan péré, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ ra búrẹ́dì. Ó gbéra ní ìparí oṣù kìíní, ó forí sọ tírélà kan ní Côte d'Ivoire, wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, ó gbéra padà, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin. Lumi ni ó pe ọkọ̀ náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé ilé àṣà John Randle ní Oníkan ni àwọn yóò gbé e sí. Ẹ kíyè sí i: Otto lọ sí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n ní kí Lumi lọ sí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn tó rìn kò dé ọjà. Èyí tó wà lọ́jà ni èyí tí kò rìn.

Kíkọ́ yàrá lé ọkọ̀ kò sì ṣàjèjì sí wa. Bọ́lẹ̀kájà ayé ọjọ́un, ṣásí Bedford ni wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, káfíńtà ilé ló ń kan pákó sí i, akunlé á sì kọ òwe sí iwájú rẹ̀. Ọkọ̀ àkànṣe ni òun náà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dà ara rẹ̀ tó gbẹ, kòkó àti iṣu ti wà nínú rẹ̀, àwọn ìyálọ́jà ti ń bá kọ̀ńdọ́kítọ̀ jà. Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù rẹ̀ kì í béèrè bóyá ó ti rìn rí. Iye ọjọ́ tó kù fún un láyé ni wọ́n ń béèrè.

Bó pẹ́ bó yá, ọkọ̀ tó kùtà yẹn náà á tà. Kì í ṣe ní iye tó wà nínú fáìlì. Ọlọ́jà á kọ́kọ́ yọ díẹ̀, á tún yọ. Nígbà tí òjò dídì bá ti bo òrùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí owó ìbánigbófò sì ń wọlé dé lọ́dọọdún, á di gbànjo. Ẹni tó rà á á máa fi ayọ̀ wà á lọ sílé, á ní ọdún tó ń bọ̀ kò ní bá òun nílé, Mongolia lòun ń lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni yóò dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ògiri. Ọ̀sẹ̀ náà kò ní parí tí yóò fi wà á padà sí ilé iṣẹ́ tó kọ́ ọ, kí wọ́n bá òun tú ibùsùn, kí wọ́n sì bá òun dí ihò ajá. Wọ́n á gbà á tayọ̀tayọ̀, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní kó ṣe sùúrù díẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn pọ̀ níwájú rẹ̀. Tí ọdún méjì bá pé, á kàn án.