Ẹni Tó Fowó Ra Etí fún Ògiri

Àwọn àgbà ní ògiri létí, kí aláròyé lè ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Wọn ò rò ó débi pé ẹnìkan á fọwọ́ ara rẹ̀ so etí mọ́ ògiri, á wá jókòó tì í, á máa pète.

Richard Nixon ṣe é. Lọ́dún 1971, Ààrẹ Amẹ́ríkà yìí ní kí wọ́n ri ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mọ́ tábìlì ọ́fíìsì òun, mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná, mọ́ tẹlifóònù. Ó fẹ́ kí ìtàn rántí òun. Ìtàn kúkú rántí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1972, ọwọ́ tẹ àwọn márùn-ún tó fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alátakò ní Watergate. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, ògiri gbọ́ bí Ààrẹ ṣe fọwọ́ sí i pé kí CIA dá FBI dúró lẹ́nu ìwádìí.

Ó ju ọdún kan lọ kí ẹnìkan tó tú u fáráyé pé etí wà níbẹ̀. Ògiri lanu, alángbá wọlé. Téèpù kan tiẹ̀ jáde tí kìkì kíkùn bí oyin gba ìṣẹ́jú méjìdínlógún àtààbọ̀ nínú rẹ̀. Akọ̀wé Nixon ní òun ló ṣèèṣì pa díẹ̀ rẹ́ níbẹ̀: òun nawọ́ sí tẹlifóònù, ẹsẹ̀ òun sì wà lórí pẹ́dàlì. Irú ẹsẹ̀ wo nìyẹn! Ní 9 oṣù kẹjọ 1974, Ààrẹ kẹ́rù.

Àwa náà ńkọ́? Ọ̀gá á sọ àṣírí sínú WhatsApp lóru, á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, pa á rẹ́."

Ford tó gbapò Nixon dárí jì í, kò rojọ́ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1977, David Frost, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan, san 600,000 dọ́là fún un kó lè sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí ògiri sọ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnu sọ ọ́ di ọjà. Ìyẹn ni Ron Howard fi ṣe fíìmù *Frost/Nixon* lọ́dún 2008. Frank Langella tó ṣe Nixon mọ̀ ọ́n ṣe o! Kámẹ́rà sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ń rọ bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa.

Èyí tó dùn jù ni ibi tí Nixon ti mutí yó, tó tẹ Frost láago lóru, tó ń ráhùn nípa àwọn ọlọ́lá tó ń fojú tín-ín-rín wọn. Kò ṣẹlẹ̀ rárá. Peter Morgan tó kọ eré náà ló hùmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó fi nǹkan bí 3,700 wákàtí ohùn sílẹ̀, ìpè tí ògiri kankan ò gbọ́ ni òǹwòran gbé lọ sílé.