Oníwọ̀n Egungun

Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni ẹni tó máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì palẹ̀ abọ́ mọ́, nítorí òun kò tíì wọn egungun òun. Láti ọjọ́ tí dókítà ti ní kó mú ikùn wálẹ̀ ló ti ra òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníkéèkì ń lò, inú báàgì ọ́fíìsì ló sì máa ń gbé e sí. Ọ̀gbẹ́ni Òṣùwọ̀n la ó máa pè é níhìn-ín. Àdúgbò yín ti fún un lórúkọ tirẹ̀.

Ìlànà rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, a kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó wọn itan adìẹ: gíráàmù 140. Ó jẹ ẹ́, ó wọn egungun: 40. Gíráàmù 100 ló wọ ikùn, fóònù rẹ̀ sì ní kálórì 200 àti díẹ̀ ni. Bí ẹ bá jiyàn, á dárúkọ Wilbur Atwater fún yín, ará Amẹ́ríkà tó ń ti ènìyàn mọ́ yàrá kékeré kan ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó lè mọ ooru tí ara wọn ń mú jáde. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìṣirò náà ti wá: gíráàmù purotéènì kan, kálórì 4, sítáàṣì, 4, ọ̀rá, 9. Ọ̀gbẹ́ni mọ̀ ọ́n lórí ju oríkì bàbá rẹ̀ lọ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe ìṣirò inú fóònù náà gbà pé ẹni tó bá jẹ adìẹ yóò fi egungun sílẹ̀. Wọn kò tíì rí eyín Ọ̀gbẹ́ni Òṣùwọ̀n. Á jẹ ibi tó rọ̀ lórí egungun, á fọ́ ọ, á fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu, á rún ìyókù kúnná, kó tó wá tu ìwọ̀nba èérún síta. Ó sì ti dájọ́ lórí mùdùnmúdùn: ohun tó bá ti inú egungun jáde, egungun ni, egungun kò sì ní kálórì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú mùdùnmúdùn, oní-kálórì-9 yẹn gan-an. Mo sọ fún un. Ó ní mo ń jowú.

Ìyàwó rẹ̀ ti rí nǹkan. Ẹran ilé wa, a ó bọ̀ ọ́, a ó dín in, a ó tún dà á sínú ọbẹ̀. Kílò kan ẹran tútù lè má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ mọ́ tó bá kúrò lórí iná. Ọ̀gbẹ́ni á wọ̀n ọ́n ní tútù, á wọ̀n ọ́n ní bíbọ̀, á wọ̀n ọ́n ní díndín, á wá mú èyí tó kéré jù, á fi kálórì ẹran tútù ṣírò rẹ̀. Epo pupa ṣíbí ọbẹ̀ kan, tó tó kálórì 120, kò wọ ìwé rẹ̀ rí. Epo kò ní egungun.

Ní búkà kan ní Bódìjà, ó ra àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti bọ̀kọ̀tọ̀. Òkìtì àmàlà kò kàn án. Ẹsẹ̀ màlúù ló gbé sórí òṣùwọ̀n.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, egungun inú èyí, báwo ló ṣe máa wúwo tó?”

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. “Ọ̀gá mi, ẹ jẹ ẹ́ ná, ẹ ó bá a níbẹ̀.”

Kó tó fọwọ́ tán, ọmọ tó ń palẹ̀ mọ́ ti gbé abọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni sá tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa egungun tirẹ̀ láàárín egungun ọlọ́mọ-ọlọ́mọ. Àánú ṣe Màmá.

“Ẹ rọra, ọ̀gá mi. Ajá mélòó lẹ ní? A ó bá yín dì í sí ọ̀rá.”

Níbi ìnáwó kan ní Ìjẹ̀bú ni bátìrì òṣùwọ̀n kú sí. A rò pé yóò máa sunkún. Ara rẹ̀ ló balẹ̀: ohun tí a kò wọ̀n, ta ló lè ní a jẹ ẹ́? Ó jẹ ògúnfe, ó jẹ tòlótòló, ó bá àgbàlagbà tó jókòó tì í jẹ tirẹ̀ nítorí pé eyín Bàbá kò ràn án mọ́. Nígbà tó délé, ó ṣí fóònù, ó kọ oúnjẹ ọjọ́ náà sílẹ̀: píọ̀ wọ́tà, méjì.