Ẹnjiníà Amọ̀ọ́tán ti Upper Sakponba

Láàárín àwọn irú ènìyàn tí òwò kọ̀ǹpútà ti bí sí àwọn ìlú ńlá Nàìjíríà, ó ṣòro láti rí èyí tí ó tọ́ sí àyẹ̀wò fínnífínní ju ẹni tí a ó máa pè ní Ẹnjiníà Amọ̀ọ́tán nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìyẹn oníṣẹ́ tí ó máa ń ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó ń tò wọ́n pọ̀ di odidi dẹ́sítọ́ọ̀pù tuntun fún oníbàárà, tí ó sì gbà tọkàntọkàn pé ọwọ́ òun kì í ṣi iṣẹ́ ṣe. Irú rẹ̀ wà ní Ìkẹjà, ó wà ní Ìbàdàn, ó sì wà ní Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí ìwà rẹ̀ ti gbilẹ̀ dáadáa ni Upper Sakponba, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ikpoba-Okha ní ìlú Bìní, níbi tí Ẹ̀dó, Èsán, Urhobo, Ìgbò àti Yorùbá ti ń gbé pọ̀, tí ilé ìtẹ̀wé, ilé ìgborinsílẹ̀ àti ìjọ tí ń fi ìwàásù ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì jìnnà síra wọn, tí gbogbo wọn ń wá kọ̀ǹpútà tí ó lágbára.

Ìmúra àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni a kọ́kọ́ fi ń dá Amọ̀ọ́tán mọ̀. Súkúdíráfà tínńtín kì í kúrò ní àpò àyà rẹ̀, ì báà jẹ́ ọjọ́ ìsìn. Oyè mẹ́ta ni ó kọ sí ara pátákó ìsọ̀ rẹ̀, tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan tí ó lè sọ pé òun ni òun fi wọ́n jẹ ẹ́. Bí ó bá sì ń sọ̀rọ̀, nọ́ńbà ni ó fi ń dẹ́rù ba olùgbọ́, nítorí ó ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí kò mọ ohun tí gigahertz jẹ́ kì í bá ènìyàn jiyàn lórí iye rẹ̀. Ó kórìíra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, èyí tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí wọ́n tó kó o wálé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí tòkunbọ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ bá tò nìkan ni kọ̀ǹpútà lójú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi gíláàsì bò níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí iná aláràbarà ń tàn nínú rẹ̀. Bí oníbàárà bá béèrè ibi tí atẹ́gùn yóò gbà wọlé, yóò fi rìmóòtù yí iná náà láti pupa sí elésè-àlùkò, ìbéèrè náà yóò sì kú síbẹ̀.

Kí òǹkàwé tó lè mọ ibi tí ìyà Amọ̀ọ́tán ti ń bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí ó ń gbóná. Processor ni ègé sílíkọ́nì pẹlẹbẹ tí ìṣirò kọ̀ǹpútà ti ń wáyé, gbogbo iná mànàmáná tí ó bá sì gbé mì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di ooru tán. Intel 8086, tí ó jáde ní 1978, máa ń ṣiṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé irin tàbí fáànù lé e lórí, ṣùgbọ́n Core i9-13900K tí iléeṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 2022 lè gba wáàtì 253 nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé heatsink lé processor lórí, ìyẹn irin tí a gé sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ kí ooru lè rí ibi tàn sí, tí fáànù yóò sì máa fẹ́ ooru náà dànù. Ojú irin méjèèjì kò tẹ́jú tán bí ó ti wù kí wọ́n dán tó, nítorí náà a máa ń fi thermal paste, ìyẹn ìpara kíki tí ooru lè gbà kọjá, dí àlàfo wẹ́wẹ́ tí ó wà láàárín wọn. Olúkúlùkù processor ní òpin tirẹ̀: 13900K kò gbọdọ̀ kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìdílé Ryzen 7000 ti iléeṣẹ́ AMD sì ní 95. Bí ó bá dé òpin náà, yóò dín eré ara rẹ̀ kù kí ó lè tutù. Bí ìyẹn kò bá ràn án, kọ̀ǹpútà yóò paná fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe Amọ̀ọ́tán kì í tètè hàn síta, nítorí pé ìlú fúnra rẹ̀ ni ó ń bá a bò ó mọ́lẹ̀. Kí dẹ́sítọ́ọ̀pù tuntun tó ṣe iṣẹ́ líle pẹ́ débi tí ẹnikẹ́ni yóò fura, NEPA, orúkọ tí ará ìlú kò tíì yé fi pe iléeṣẹ́ iná, yóò ti mú iná lọ, gbogbo rẹ̀ yóò sì tutù títí di ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tí ń ṣàkóso iná mànàmáná, fi owó kún iná àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí Band A, àwọn tí iléeṣẹ́ iná gbọ́dọ̀ fún ní iná fún wákàtí 20 lóòjọ́ ó kéré tán. Inú ará ìlú kò dùn sí owó náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ìpinnu yẹn ṣe níbi tó Amọ̀ọ́tán, nítorí pé ní àdúgbò tí iná ti ń pẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ di ohun tí a lè dán wò láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìgbà náà ni obìnrin onítẹ̀wé yóò dé ìsọ̀ rẹ̀, tí yóò sì sọ pé, “Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà tí ẹ tò fún mi ń paná fúnra rẹ̀, ọmọ mi sì ní ó ti gbóná dé 97.” Amọ̀ọ́tán kì í dìde kúrò lórí àga kí ó tó dáhùn pé, “Màmá, ẹ fọkàn yín balẹ̀, oòrùn Bìní ni.” Lóòótọ́ ni oòrùn lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà, nítorí pé processor kò lè tutù ju yàrá tí ó wà lọ, tí ìwọ̀n kan tí ó bá sì kún ìgbóná yàrá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n kan tí yóò kún ti processor. Ṣùgbọ́n yàrá tí ó wà ní 33 dípò 22 kò lè fi ju nǹkan bí 11 kún un, nígbà tí ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà obìnrin yìí fi nǹkan bí 40 ju bí ó ti yẹ lọ nígbà tí kò tilẹ̀ ṣe ju kí ó ṣí lẹ́tà kan lọ. Bí wọ́n bá tú oòrùn sílẹ̀, ó kan NEPA. Bí wọ́n bá tú NEPA sílẹ̀, ó kan àwọn ará Ṣáínà tí ó ṣe àpótí kọ̀ǹpútà náà. Bí gbogbo wọn bá sì jàre, Amọ̀ọ́tán yóò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, yóò béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá kò sí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìtẹ̀síwájú rẹ̀ ní àdúgbò.

Ní 2024 kan náà ni Ọlọ́run tún ta á lọ́rẹ àwíjàre tuntun. Iléeṣẹ́ Intel jẹ́wọ́ pé àwọn processor dẹ́sítọ́ọ̀pù ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá òun kan ń bàjẹ́ nítorí pé fóltéèjì tí wọ́n ń béèrè fún pọ̀ jù, ó sì gbé àtúnṣe kan tí a mọ̀ sí 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Òtítọ́ ni ìròyìn yìí, ó sì wúlò fún ẹni tí ó ra irú processor bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Amọ̀ọ́tán ti gbọ́ ọ ni gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń ṣe àìsàn ìran kẹtàlá, títí kan èyí tí ó jẹ́ ti ìran kẹwàá, àti èyí tí AMD ṣe, tí Intel kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Bí àwíjàre bá tán, ìtọ́jú ni ó kù, owó oníbàárà ni wọ́n sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Amọ̀ọ́tán yóò kọ́kọ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí, yóò sì kọ fáànù ìdúró yàrá sí i. Lẹ́yìn náà ni yóò ra fáànù kékeré mẹ́rin, tí yóò sì kọ ojú gbogbo wọn sí ìta, tí wọn yóò fi máa fa atẹ́gùn jáde nínú àpótí tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀. Ìwọ̀nba ìpara tí ó tó hóró ẹ̀wà kan ti tó processor púpọ̀, ṣùgbọ́n odidi ọ̀pá ni òun yóò fún lé e, títí yóò fi ṣàn dé ara motherboard, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jókòó lé. Nígbà tí èyí kò bá ràn án, yóò dámọ̀ràn ẹ̀rọ ìtutù olómi, tí owó rẹ̀ ju ti processor fúnra rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Àwọn àgbà kìlọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ni èrè wà nínú rẹ̀, Amọ̀ọ́tán sì mọ èyí dáadáa. Èyí tí ó burú jù ni pé ó lè ta ẹ̀rọ olómi yìí fún ẹni tí ara kọ̀ǹpútà rẹ̀ le koko, nítorí kò mọ̀ pé àwọn Ryzen 7000 kan tí ó lágbára, AMD fúnra rẹ̀ ṣe wọ́n kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ ní 95 nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, láìsí ewu.

Ibi tí ó yẹ kí ó wò kò jìnnà. Nígbà tí wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn heatsink tí ó ń bá processor Intel wá, tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin, tí a gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí yóò fi dún, nítorí pé bí ẹyọ kan bá kọ̀ tí kò wọlé, gbogbo irin náà yóò dagun, ojú rẹ̀ kò sì ní kan processor délẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ̀, wáyà fáànù ni ó kàn, èyí tí ó yẹ kí ó wà ní ibi tí wọ́n kọ CPU_FAN sí, kí kọ̀ǹpútà lè máa mú un sáré sí i bí ooru bá ṣe ń pọ̀. Lẹ́yìn wáyà, BIOS ni, ìyẹn ètò àkọ́kọ́ tí ń jí kọ̀ǹpútà dìde, níbi tí àwọn kan tí ń ṣe motherboard ti máa ń tú processor sílẹ̀ kí ó gba iná ju ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe é là sílẹ̀ lọ, tí a sì lè dá a padà sí ìlànà olùṣe. Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí ni ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí ó mọ́ gaara, tí olùṣe lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọ̀pọ̀ heatsink kí ó má baà họ lójú ọ̀nà, tí ó sì sábà máa ń kọ sí ara rẹ̀ pé kí a yọ ọ́ kí a tó lò ó. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Amọ̀ọ́tán ti rí ọ̀rá yìí lọ́jọ́ tí wọ́n ń to kọ̀ǹpútà náà, ó sì béèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé kí n yọ ọ̀rá yìí?” ṣùgbọ́n èsì tí ó gbà ni pé ọmọdé kì í kọ́ ọ̀gá rẹ̀ níṣẹ́.

Ó yani lẹ́nu pé ìlú Bìní ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Igun, òpópónà tí ó yà kúrò lára Sakponba Road nítòsí ààrin ìlú, ni àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ ti ń fi ìda ṣe ọnà láti ayébáyé, tí wọ́n ń fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n ń fi iná yọ́ ìda náà dànù kí wọ́n tó da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀. Ihò tí ìda àti afẹ́fẹ́ yóò gbà jáde ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò, nítorí pé ohun tí ó yẹ kí ó jáde, tí kò bá jáde, yóò ba odidi iṣẹ́ jẹ́. Láti Igun sí Upper Sakponba, ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí kò tíì dé ìsọ̀ Amọ̀ọ́tán.

Oníṣẹ́ tòótọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn. Ìwọ̀n ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò wo ìgbóná yàrá, yóò fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ bíi HWiNFO wo ti processor nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, yóò sì fi Cinebench di iṣẹ́ rù ú. Bí ìgbóná bá fò láti 45 sí òpin láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lórí processor tí olùṣe kò ṣe láti máa dé ibẹ̀, abẹ́ heatsink ni ẹjọ́ wà. Bí ó bá ń gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, atẹ́gùn inú àpótí ni kò tó. Àyẹ̀wò yìí kò gba owó, bóyá ìdí nìyẹn tí Amọ̀ọ́tán kò fi kà á sí.

A kò lè pe Amọ̀ọ́tán ní olè, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí ó ń sọ ni òun fúnra rẹ̀ gbà gbọ́, bí wọ́n bá sì yọ ọ̀rá náà níkẹyìn, tí ìgbóná wálẹ̀ sí 48, ó máa ń gbà lóòótọ́ pé fáànù mẹ́rin tí òun rà ni ó ṣiṣẹ́. Kìkì gbólóhùn kan ni kò sí lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ó sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n tún un wò.” Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra dẹ́sítọ́ọ̀pù tuntun má ṣe san àṣẹ́kù owó rẹ̀ títí oníṣẹ́ yóò fi di iṣẹ́ rù ú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú rẹ̀, tí nọ́ńbà ìgbóná wà lójú kọ̀ǹpútà kedere, kí ó sì bi ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ léèrè bóyá wọ́n yọ ọ̀rá.