Kí Ìyá Máa Bọ Ọmọ Lọ́wọ́ Láàárọ̀? Èèmọ̀!

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ di gèlè yín mú, nítorí ọ̀rọ̀ yìí lè já a bọ́. Ọ̀mọ̀wé kan wà ní Amẹ́ríkà, John B. Watson lorúkọ rẹ̀. Ìwà ẹ̀dá ló ń ṣèwádìí lé lórí. Lọ́dún 1928, ó gbé ìwé jáde lórí ìtọ́jú ọmọ, ó sì to bí ilé tó lọ́mọ ṣe gbọ́dọ̀ máa lo ojúmọ́ sínú rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ètò!

Ó ní kí ìyá má gbá ọmọ mọ́ra. Kó má gbé e lé itan. Bó bá wá pọn dandan (ẹ gbọ́ o, bó bá pọn dandan!), kó fẹnu kàn án níwájú orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá fẹ́ lọ sùn. Láàárọ̀ ńkọ́? Kí tìyá tọmọ bọ ara wọn lọ́wọ́! Págà! Ọmọ jòjòló ń nawọ́ sí ìyá rẹ̀ bí alága ẹgbẹ́! Kò sí ìkúnlẹ̀, kò sí ìdọ̀bálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ki ọmọ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá kó tó lajú tán. Ẹ káàárọ̀, ọwọ́ rèé, ó parí.

Bí ọmọ bá jẹun àárọ̀ tán, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló kàn. Ọmọ tó pé oṣù mẹ́jọ ni mo ń wí o! Wọn á dè é mọ́ àga kékeré kan, wọn á pa ìlẹ̀kùn dé, kò gbọdọ̀ sí ohun ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sẹ́nikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Kó dá ṣe é!

Ẹ má tíì pariwo, ó kù. Ó ní kí wọ́n máa fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan ní ẹ̀yìnkùlé fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ọkàn ìyá ò bá gbà á, kó dá ihò lu, kó máa yọjú níbẹ̀, kí ọmọ má baà rí i. Tàbí kó lo awò gígùn tí àwọn ológun fi ń wo òkè omi látinú ọkọ̀ abẹ́ omi! Ẹni tó fi oṣù mẹ́sàn-án gbé oyún, òun náà ló wá di amí!

Wọ́n sì ra ìwé náà rẹpẹtẹ o. Ìyá àkọ́kọ́ tó máa tọ́ ọmọ aláyọ̀ dàgbà ni Watson fi ìwé náà jìn. Ìyá àkọ́kọ́! Ṣé àwọn tó pọn wá kì í ṣe èèyàn ni?

Ta tiẹ̀ ni olùtọ́ni yìí? Lọ́dún 1920, Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore ní kó máa lọ, torí ó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Rosalie Rayner, lálè, ìyàwó wà nílé! Lẹ́tà ìfẹ́ tó kọ sí ọmọge náà bọ́ sọ́wọ́ ìyáálé, ó sì débi ìwé ìròyìn. Ẹni tí kò fẹ́ kí ìyá gbá ọmọ mọ́ra, òun ló ń fi lẹ́tà wá ẹni tó máa gbá mọ́ra! Ó fẹ́ Rosalie náà, Rosalie sì bá a lọ́wọ́ sí ìwé ọ̀hún. Ọmọkùnrin méjì ló bí fún un. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1930, ó jẹ́wọ́ nínú ìwé ìròyìn àwọn òbí pé òun ò lè tẹ̀lé ètò ọkọ òun délẹ̀délẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bi yín: bí baba bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́, ta ló kù nílé tó máa ka iye ìgbà tí ìyá fẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ?