Ẹ Má Fi Ẹ̀wà Bẹ̀rẹ̀

Òbí tó bá fẹ́ mọ ibi tí sùúrù òun mọ, kí ó pe ọmọ ọdún 14 wá sí ìdáná ní àárọ̀ Sátidé, kí ó ní kó wá bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Orí á dédé fọ́ ọ, inú á run ún, iṣẹ́ àmúrelé tí kò rántí láti ọjọ́ Ajé á sì di kánjúkánjú.

Ṣùgbọ́n ẹ ní kó wá dín pọ́fù-pọ́fù wò! Ara á yá. Fúláwà, ṣúgà, yíìsì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́: á pò ó, á bò ó, á sì máa ṣí i wò lemọ́lemọ́ bóyá ó ti wú. Tó bá bọ́ sórí iná, ìdajì rẹ̀ kì í dé inú abọ́. “Mo kàn ń tọ́ ọ wò ni, Mọ́mì.” Ìyókù, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi ya fọ́tò tán. (Àwo ìdọ̀tí kì í sí nínú fọ́tò yẹn.)

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dín in. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó tan iná, ẹ ti sọ ẹni tí yóò fọ àwo.